Òfin ọtí l'Àríwá, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni

Ẹ̀yin tèmi n'Ìkòròdú, mẹ́sẹ́èjì tẹ́ ẹ ń fọ́wáàdì pé ẹni tó bá ti gbé ọtí kọjá Ìlọrin wọ́n á mú un, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Kò sófin kan ṣoṣo tó de ọtí ní gbogbo Àríwá. Ìpínlẹ̀ 12 ló gba Ṣàríà, Zamfara ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1999, Kánò náà wà ńbẹ̀, àwọn Hisbah ibẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń mú kí wọ́n tẹ̀lé òfin Ṣàríà, máa ń dá ọkọ̀ bíà dúró tí wọ́n á fọ́ gbogbo ìgò ẹ̀ pátá, owó ńlá ló sì ń bá a lọ. Nínú 12 yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe ń mú un le ò dọ́gba.

Plateau, Benue, Kogi, Kwara ò sí lára wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó kéréètì lọ sókè, ẹ bèèrè orúkọ ìpínlẹ̀ tí ọjà ń lọ, kẹ́ ẹ wo òfin wọn, kẹ́ ẹ sì wo èyí tí mọ́tò máa gbà kọjá.