Iná Aláràbarà Kò Sọ Kíbọ́ọ̀dù Onírọ́bà Di Mechanical

“Àǹtí, ṣebí ó ń tẹ̀?”

Ohun tí ọmọkùnrin tó ta kíbọ́ọ̀dù fún mi bi mí nìyẹn ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo gbé kíbọ́ọ̀dù náà padà lọ bá a. Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Ta ló sọ pé kò tẹ̀? Mechanical, èyí tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní súwíìṣì àti sípíríǹgì tirẹ̀, ni mo ní mo fẹ́ rà, mechanical ni òun náà pè é nígbà tó ń gba ₦32,000 lọ́wọ́ mi. Ó tan iná rẹ̀ fún mi, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, ó ní èyí tí àwọn tó ń gbá géèmù ń lò nìyẹn. Mo délé, mo fa bọ́tìnì A yọ, rọ́bà ni mo bá lábẹ́ rẹ̀! Rọ́bà pẹlẹbẹ kan náà tó wú bí ìléròrò lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Irú èyí tí mò ń rà ní owó táṣẹ́rẹ́ ní Kútọ̀ ni. Iná ni wọ́n fi kún un.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbarà, ọdún kọkànlá rè é. Ètò ìsìnkú, ètò ìgbéyàwó, ìwé àdéhùn ilẹ̀. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ètò ìsìnkú, ẹni tó bá sì ń fi àmì sórí Yorùbá bó ṣe yẹ mọ ohun tí ojú ìka ń rí. Ẹ́ kan ṣoṣo kì í ṣe títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. N ó di Alt ọwọ́ ọ̀tún mú kí n tó rí àmì ìsàlẹ̀, n ó tún wá àmì ohùn lé e lórí. Alt yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú. Kíbọ́ọ̀dù onírọ́bà mẹ́ta ni mo ti sin láàárín ọdún méjì, láti ibi Alt sì ni àìsàn gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà á rọ̀, n ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá kó tó gbọ́, tó bá di alẹ́, ọrùn ọwọ́ á máa ro mí dé ìgúnpá.

Mo mọ ohun tí mò ń wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá sílé láti Kánádà, oṣù mẹ́ta ni mo fi lo kíbọ́ọ̀dù mechanical tirẹ̀. Cherry, àwọn ará Jámánì tó ti ń ṣe súwíìṣì tí wọ́n ń pè ní MX láti àwọn ọdún 1980, ló ṣe súwíìṣì inú rẹ̀: 4 mm ni bọ́tìnì ń rìn wálẹ̀, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 2 mm lẹ́tà ti wọlé. Ìka ò ní láti forí sọlẹ̀. Irú tí wọ́n ń pè ní Brown ni. Kókó kékeré kan wà láàárín ọ̀nà tó ń sọ fún ìka pé ó ti tó, kò sì pariwo. Mo ti dán irú tí wọ́n ń pè ní Red wò, kò ní kókó kankan, bí ìka mi bá ṣèèṣì kàn án, lẹ́tà ti wọlé nìyẹn. Irú Blue dùn tẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ ó ń ta kẹ́kẹ́kẹ́, òru ni mo sì ń tẹ ètò ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ gbà láàárọ̀. Yàrá kan náà lèmi àti ọmọ mi wà.

Àwọn kan á ní àṣejù ni, pé bọ́tìnì ni bọ́tìnì. Ẹ lọ sí ọjà Ìtòkú, kí ẹ gba ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń yàwòrán sáṣọ lọ́wọ́ ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ, kí ẹ fi igi kígi lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní ṣebí ó ń ya. Ẹ wo bó ṣe máa dá yín lóhùn. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde ní 1859, kí ló wá dé tí ẹni tó ń fi Yorùbá títẹ̀ jẹun kò fi ní rí irinṣẹ́ tòótọ́ rà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa bọ́tìnì kan yọ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí rọ́bà, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn ní òun ò lè dá owó padà, kí n kúkú mú òmíràn tí iná rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ. Orí káńtà rẹ̀ ni mo fi kíbọ́ọ̀dù náà sí. Mo ń padà lọ lọ́jọ́ Ajé, bọ́tìnì A rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Owó mi ni mo fẹ́.