Irọ́ ni pé ọmọ kíláàsì kìíní tó bá pa ilé-ìwé jẹ ò pàdánù nǹkan kan

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan ní Adó-Èkìtì. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ọmọ rẹ̀ wà nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ń jẹ àkàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, “Màmá, ṣé ọmọ yìí ò lọ sílé-ìwé mọ́ ni?” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni. Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ ju A, B, D lọ? Tó bá dé kíláàsì kẹrin, á gbájú mọ́ ọn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ń gbọ́ ọ lọ́jà, mo ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, kò sì sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀.

A, B, D yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa níwèé nírọ̀lẹ́. Àwọn tí wọ́n ń mú wá ní kíláàsì kẹrin pé wọn ò mọ̀wé kà, orí wọn pé. Mo kọ “àgbàdo” fún ọ̀kan nínú wọn. Ó pe à, ó pe g, ó pe b, ó wá dákẹ́, ó ń wo ojú mi bóyá á rí ìdáhùn níbẹ̀. Ọmọ tó ń ta àgbàdo sísè lójú títì ni o! Lọ́jọ́ tí tísà kọ́ wọn pé gb, ohùn kan ni, ó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀, tàbí kó dé nígbà tí wọ́n ti nu pátákó. Tísà ò ní padà sẹ́yìn nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó ní gb ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn. Ọmọ náà á máa jókòó ti àwọn tó ń kàwé, á máa sọ ohun tí wọ́n bá sọ.

Pípẹ́ dé ilé-ìwé ńkọ́? Lọ́pọ̀ ilé-ìwé, ìṣirò àti ìwé kíkà ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, torí ìgbà yẹn ni ọpọlọ ọmọ ṣì jí pépé. Ẹni tó ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́ lójoojúmọ́, iṣẹ́ kan náà ló ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ tún ṣírò ti ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ọjà ìlú wa ní Èkìtì, ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Ọmọ tí wọ́n bá ń dá dúró lọ́jọ́ ọjà kó lè gbé ìkókó, ó ń pàdánù nǹkan bí ọjọ́ kan nínú márùn-ún. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ọdún kan gbáko ti wọgbó. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá pàdánù ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti ń kà sí ọmọ tí nǹkan fẹ́ bàjẹ́ fún. Tiwa jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn!

Wọ́n á ní àwọn bàbá wa pẹ́ kí wọ́n tó wọlé-ìwé, ìgbà tí ọwọ́ wọn gba orí kọjá tó kan etí kejì, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wọ́n pẹ́ wọlé, àmọ́ àwọn àti ẹgbẹ́ wọn jọ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó ń pa ilé-ìwé jẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láìdúró dè é.

Mo gbà pé kí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá dúró sílé, àwọn kan sì ti pàdánù púpọ̀ tí wọ́n ṣì lé ẹgbẹ́ wọn bá. Wọn ò pọ̀.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí kí ọmọ lọ sílé-ìwé kó sì parí rẹ̀, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3. Kò ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹrin.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, alẹ́ ni kí ẹ ti ṣètò yunifọ́ọ̀mù, bàtà àti báàgì, kí ọmọ sì tètè sùn. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ mú un dé ilé-ìwé kí ẹ tó gbé igbá. Ìkókó tí ẹ fẹ́ fi tì í, ẹ pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà.