Ta Ló Gba Àwọn Apànìyàn Wọ̀nyẹn Sílé?

Èrò ọkàn mi rèé lórí àwọn agbésùmọ̀mí NSU ti ilẹ̀ Jámánì, ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé èrò Násì, tí wọ́n kórìíra àwọn àjèjì. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ wọn, èèyàn mẹ́ta péré ni wọ́n ń dárúkọ: Uwe Mundlos, Uwe Böhnhardt àti Beate Zschäpe. Wọ́n sá pamọ́ lọ́dún 1998, àṣírí wọn kò sì tú títí di 2011. Èèyàn 10 ni wọ́n pa. Mẹ́jọ tan mọ́ ilẹ̀ Tọ́kì, ọ̀kan jẹ́ ará Gíríìsì, ìkẹwàá jẹ́ ọlọ́pàábìnrin.

Ọdún 13 gbáko! Ta ló ń bò wọ́n? Holger Gerlach kó páásípọ́ọ̀tù àti láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún wọn, Böhnhardt sì ń fi orúkọ ọlọ́rúkọ rìn. André Eminger ń bá wọn háyà ọkọ̀. Ralf Wohlleben, tó ti dipò mú rí nínú NPD, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ló ṣètò bí ìbọn tí wọ́n fi pa mẹ́sàn-án ṣe tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Agbépo lájà kò kúkú jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé ilé ẹni tó kú ni àwọn ọlọ́pàá ń tú. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Enver Şimşek, tó ń ta òdòdó ní Nuremberg, lọ́dún 2000, àwọn ọlọ́pàá ń wádìí bóyá oògùn olóró ló ń tà. Wọ́n tiẹ̀ purọ́ fún opó rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ní obìnrin mìíràn, kí wọ́n lè fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìkà gbáà ni. Nígbà tí àṣírí wá tú lóṣù kọkànlá 2011, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ya fáìlì àwọn atannilólobó tí wọ́n ní láàárín àwọn ẹlẹ́mìí Násì sí wẹ́wẹ́.

Lóṣù keje 2018, ilé ẹjọ́ ní Munich rán Zschäpe lẹ́wọ̀n gbére. Wọ́n fún Wohlleben ní ọdún 10, Eminger ní ọdún méjì ààbọ̀. Bí adájọ́ ṣe ní kí Eminger ṣì máa lọ sílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá wòran bú sáyọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nínú kóòtù, níṣojú ọmọ àwọn tí wọ́n pa!

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn ni mo ń sọ. Àwọn ẹbí ṣì ń béèrè ẹni tó fi ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn han apànìyàn ní Dortmund, ẹni tó júwe ibi tí wọ́n ti pa ẹlòmíràn ní Kassel. Ìdájọ́ ti parí, ẹnikẹ́ni kò tíì dá wọn lóhùn.