Irọ́ Ni Pé Fóònù Ti Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Lẹ́tà Ojú Máàpù Òkun

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, níbi tí a ti ń sọ ọmọ kan lórúkọ nítòsí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́, ọmọkùnrin kan tó ń múra àtilọ kọ́ṣẹ́ atukọ̀ òkun wá dọ̀bálẹ̀ kí mi. Inú mi dùn sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá ìlú yìí ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó dé iwájú wa, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti nǹkan bí ọdún 10: "Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn ìkékúrú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú máàpù òkun yẹn, kí ni a tún fẹ́ fi kíkọ́ wọn ṣe? Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú fóònù." Àwọn àgbà tó jókòó tì wá mi orí pé òótọ́ ni ọmọ ń sọ. Èmi kò fẹ́ fi àríyànjiyàn ba ayẹyẹ olóríire jẹ́, mo sì dákẹ́. Ohun tí n kò sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Mo fi ọdún 14 ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìpẹja tó ń jáde láti èbúté Kútọnu, mo sì ti rí ohun tí lẹ́tà kan ṣoṣo lè fà. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sùn sórí omi rí, ó sì ń dùn mí nígbà tó bá ti ẹnu ẹni tó fẹ́ fi òkun ṣiṣẹ́ jẹun jáde, nítorí pé òun ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà lásán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná etíkun, máàpù lè kọ báyìí: Fl(2) 10s 15m 12M. Fl túmọ̀ sí pé iná náà ń ṣẹ́jú, pé àkókò tó fi ṣókùnkùn pẹ́ ju àkókò tó fi mọ́lẹ̀ lọ. (2) ni pé ó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. 10s ni pé ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ó fi ń parí gbogbo rẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. 15m ni gíga iná náà, mítà 15. 12M ni bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó, máìlì òkun 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1,852. M kékeré àti M ńlá wà nínú ìlà kan náà, wọn kò sì bára tan rárá. Bí ó bá jẹ́ Oc ni wọ́n kọ dípò Fl, gbogbo rẹ̀ ti yí padà: ìmọ́lẹ̀ ni ó pẹ́, òkùnkùn ni ó kúrú. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè rí iná èbúté kan kí ó sì gbà pé ti èbúté mìíràn ni.

M ńlá yẹn kan náà, tí o bá rí i ní àárín omi níbi tí kò sí iná, ẹrọ̀fọ̀ ni, ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń sọ fún ọ. R lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná jẹ́ pupa. R ní ìsàlẹ̀ omi jẹ́ àpáta. G lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná jẹ́ àwọ̀ ewé. G ní ìsàlẹ̀ omi jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ní ilẹ̀ Benin tún ní ìṣòro tiwa, nítorí pé nínú àwọn máàpù Faransé àtijọ́, V ni wọ́n ń kọ fún ẹrọ̀fọ̀, láti inú ọ̀rọ̀ wọn *vase*. Ẹni tó fẹ́ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo èyí, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ a máa di ìdákọ̀ró mú, àpáta a sì máa jẹ́ kí ó yọ̀ tàbí kí ó há pátápátá. Fóònù gbé máàpù náà wá fún ọ pẹ̀lú M àti R àti G rẹ̀ bí ó ṣe wà. Ìwọ ni yóò kà á.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò tíì lóye ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fóònù ń so pọ̀ lójú wọn. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tí ìwọ wà, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa, kì í fi ju mítà mélòó kan yẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáta tó wà lójú máàpù, sátẹ́láìtì kọ́ ni ó wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan ni ó fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ nígbà kan, bóyá ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ó ju okùn olójé sínú omi láti mọ bí ó ti jìn tó, tí ó sì fi ojú díwọ̀n ibi tí òun wà láti ara oòrùn tàbí láti ara òkè etíkun. Nítorí èyí ni máàpù orí ẹ̀rọ tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń ṣe fi ní lẹ́tà fún bí a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé agbègbè omi kọ̀ọ̀kan tó: A1, A2, B, C, D àti U. Ní A1, ohun tó wà lójú máàpù lè fi mítà 5 yẹ̀ kúrò ní ibi tó wà gan-an. Ní B, mítà 50. Ní C, mítà 500. D burú ju C lọ, U sì ni pé wọn kò tíì ṣe ìdíwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ rárá. Kí ni àǹfààní pé o mọ ibi tí o wà láàárín mítà 5, nígbà tí àpáta tí o ń sá fún lè wà ní mítà 500 sí ibi tí wọ́n yà á sí? Lẹ́tà kan péré ni yóò sọ fún ọ. Mo bi ọmọkùnrin náà nígbà tí a ń jáde bóyá ó ti gbọ́ nípa wọn rí. Kò gbọ́ rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó gbọ́ ìtàn ọkọ̀ Royal Majesty. Ní ọjọ́ 9 oṣù Okúdù ọdún 1995, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá yìí kúrò ní St. George's ní Bermuda, ó ń lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 1,509 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò tíì rìn ju bíi wákàtí kan lọ tí wáyà tó so ẹ̀rọ GPS mọ́ áńtẹ́nà rẹ̀ fi já. Ẹ̀rọ náà kò kú. Ìyẹn gan-an ni ó burú níbẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣirò gbé ọ̀nà, èyíinì ni pé ó mú ibi tó ti wà kẹ́yìn, ó mú ìyára ọkọ̀ àti ibi tí iwájú ọkọ̀ kọ sí, ó sì ń méfò ibi tí ọkọ̀ yóò ti dé. Kò ka afẹ́fẹ́ sí, kò ka ìṣàn omi sí. Ó sì sọ fún wọn pé ohun tí òun ń ṣe nìyí, nítorí pé ó kọ lẹ́tà wínníwínní méjì sójú rẹ̀: DR, ìkékúrú *dead reckoning*. Lẹ́tà méjì yìí ni orúkọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn atukọ̀ gbogbo ayé, ó ti wà kí a tó bí bàbá ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan sátẹ́láìtì.

DR wà lójú ẹ̀rọ náà fún bíi wákàtí 34. Ní wákàtí-wákàtí ni àwọn ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ń wá ka nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà yẹn, wọ́n ń mú nọ́ńbà náà lọ sójú máàpù, wọ́n ń fi àmì sí i pé ibí ni a wà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kíyèsí DR. Ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ọkọ̀ náà, Loran-C, tó ń sọ ibi tí wọ́n wà gan-an, wọn kò fi í wé ti àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀gá kan rí àmì orí omi kan nínú rédà, ó sì gbà pé èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BA ni, nítorí pé BA ni ó yẹ kí wọ́n bá níbẹ̀. Àmì mìíràn tó ń jẹ́ AR ni. Nígbà tó fi máa kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ 10, ọkọ̀ náà ti fi máìlì 17 yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gun orí iyanrìn abẹ́ omi ní ìlà-oòrùn erékùṣù Nantucket. Ọlọ́run ṣàánú wọn, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Máàpù wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ojú tó ti mọ́ra láti máa wá àwọn lẹ́tà náà kí ó tó gba nọ́ńbà gbọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Bélú ọdún 2014, ọkọ̀ ìdíje Team Vestas Wind sáré gun àpáta Cargados Carajos ní Òkun Íńdíà lóru, àwọn mẹ́sàn-án tó wà nínú rẹ̀ sì yè é. Máàpù orí ẹ̀rọ ni wọ́n lò. Nígbà tí a bá wò ó láti òkè lójú ẹ̀rọ náà, ohun tó hàn ní agbègbè yẹn ni omi tó jìn ní nǹkan bíi mítà 40. Àfi kí a fà á sún mọ́ ojú kí àpáta tó yọ. Àwọn atukọ̀ tó dáńgájíá ni wọ́n o.

Mo ní tèmi náà láti sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá ọkọ̀ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, gbé máàpù orí ẹ̀rọ rẹ̀ lé itan, ó ní kí a gba ẹ̀gbẹ́ òkú ọkọ̀ kan tó ti rì kọjá, kí a fi mítà 300 sílẹ̀ láàárín wa. Mo wo àmì náà. Wk ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn òkú ọkọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́n tún kọ PA, tó túmọ̀ sí pé ìméfò ni ibi tí wọ́n yà á sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí a fi máìlì kan sílẹ̀. Ó bínú, ó ní epo ni mo ń fi ṣòfò, ṣùgbọ́n ó gbà nítorí pé àwọn tó kù gbè mí lẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí a fi ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi wá a, a bá òkú ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi mítà 400 sí ibi tí máàpù yà á sí, ní apá ibi tí a fẹ́ gbà lálẹ́ àná gan-an. Mo rí i lójú ẹ̀rọ náà bí ìsàlẹ̀ omi ṣe ṣàdédé dìde bí ògiri lábẹ́ wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí PA, PD (ibi tí nǹkan wà kò dájú) tàbí ED (kò dájú pé nǹkan náà wà rárá) lójú máàpù, ara mi a máa bù máṣọ.

Àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ fóònù yìí gbọ́ a máa sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá kò ṣe máàpù oníwèé àtijọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n parí ìyẹn ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n bébà ni wọ́n pa tì, àwọn lẹ́tà ṣì wà lójú ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn baba wa wa ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Èkó láìka lẹ́tà kankan. Inú ọ̀sà ni wọ́n gbà, omi tí wọ́n bí wọn sí etí rẹ̀, wọ́n sì mọ gbogbo igi rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n ní òsì àti ọ̀tún ti tó, kí ni ti *bâbord* àti *tribord*, orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ bí a bá kọjú sí iwájú rẹ̀? Òsì ta ni, ti ẹni tó kọjú síwájú tàbí ti ẹni tó kọ̀yìn síwájú tó ń fa àwọ̀n? Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà bèèrè irú ìbéèrè yẹn nínú ìjì ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ tí kì í yí.

Mo gbà pé fóònù wúlò. Èmi náà ń lò ó, ó sì ti yọ mí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kùrukùru bò wá mọ́lẹ̀.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà pé kí ó wá sí ilé mi ní Sátidé. Kí ó mú fóònù rẹ̀ dání. Àwọn Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Chart No. 1, níbi tí gbogbo àmì àti ìkékúrú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tò sí pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó gbé e sórí fóònù náà. Ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa jíjìn omi ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìlà tín-ín-rín kan lábẹ́ nọ́ńbà ti ń sọ pé kì í ṣe jíjìn omi ni nọ́ńbà náà, pé gíga ilẹ̀ tó máa ń yọ síta nígbà tí omi bá fà ni. Ní ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́, n kò rí ìlà yẹn, a sì fi wákàtí mẹ́fà dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn kí omi tó padà wá gbé wa.