Máàkì Márùn-ún Tí Kì Í Ṣe Ti Ọmọ Náà

Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 11, gba ìwé ìdánwò ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà. 78 ni tíṣà kọ sókè ìwé náà, òun ló sì gba ipò kìíní. Nígbà tó délé, ó fi ìka tọ máàkì inú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rò wọ́n pọ̀, 73 ló bá. Ó tún un rò, kò yí padà. Ó gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ: "Dádì, tíṣà ṣi í rò, márùn-ún lé." Bàbá náà, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìjọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Pa ìwé yẹn dé. Ọlọ́run ló fi kún un fún ọ."

A kò pe bàbá yìí ní ènìyàn burúkú. Ó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tí ogún ìwàásù kò ní tètè rí fọ̀ kúrò: pé orúkọ Ọlọ́run ṣeé fi bo ohun tí kì í ṣe tẹni. Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ ta ẹgbẹ́ yọ lọ́nà ti Kristi, kó yé fi ipò wọn ọmọ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa wò, pàápàá èyí tí ojú ẹlòmíràn kò tó.

Gbogbo wa la máa ń gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ wa dà bíi Dáníẹ́lì, kí wọ́n fi ìlọ́po mẹ́wàá sàn ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àdúrà rere ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà dé orí kẹfà. Àwọn tó ń jowú rẹ̀ wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe, wọn kò rí ẹyọ kan, nítorí pé olóòótọ́ ni. Ibẹ̀ ni títayọ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá tú ìwé ìṣirò ọmọkùnrin tiwa yìí wò, wọ́n á rí ẹ̀sùn márùn-ún.

A tún máa ń sọ ìtàn Eric Liddell, sárésáré ọmọ Scotland, fún wọn. Ní ìdíje Olympics ti Paris ní 1924, ó kọ̀ láti sá eré 100 mítà nítorí pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ sí. Ó sá 400 mítà, ó sì gba wúrà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 47.6. Ibi tí a máa ń fò kọjá ni pé ó ti mọ ètò ọjọ́ eré náà ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ó sì fi àwọn oṣù yẹn múra fún 400 mítà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ńṣe ló fi kún un. Ọmọ tí a kọ́ láti gbààwẹ̀ kó tó ṣèdánwò, tí a kò kọ́ láti jókòó ti ìwé, ìdajì ìtàn la sọ fún un. Liddell padà sí China ní 1925 lọ ṣe míṣọ́nnárì àti tíṣà. Àgọ́ tí àwọn ọmọ ogun Japan há àwọn àjèjì mọ́ ló kú sí ní 1945, lẹ́ni ọdún 43, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Kò sí ẹni tó fi wúrà sí i lọ́rùn fún ìyẹn.

Kí ló ń mú ọmọkùnrin jí ìdáhùn wò? Ìwà ọ̀lẹ ló máa ń kọ́kọ́ yá wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé bí òun bá gbé 45 wálé, wọ́n á fi òun wé ọmọ aládùúgbò, wọ́n á yọ ṣùtì sí òun níwájú àwọn àbúrò òun, wọ́n á ní èṣù ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, á wá 70 lọ síbikíbi tó bá wà. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn bàbá ní Kólósè pé kí wọ́n má mú àwọn ọmọ wọn bínú, kí ọkàn wọn má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ilé tí ọmọ ti lè gbé òdo wálé, tí bàbá á fa àga jókòó tì í, tí wọ́n á jọ wá ibi tó ti ṣìnà, irú ilé bẹ́ẹ̀ là ń wí.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba èyí náà: ọmọkùnrin tí arábìnrin rẹ̀ ń fọ aṣọ fún, tí wọ́n ní "ọkùnrin ni, ẹ fi í sílẹ̀," kò ní mọ ìdí tí Jésù fi bu omi sínú bàsíà fọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn ìjọ náà ní ẹjọ́ jẹ́. Nígbà tí apá kò fẹ́ẹ́ ká àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ́ ní Glasgow ní 1883, William Alexander Smith dá Boys' Brigade sílẹ̀, ó fún wọn ní ètò àti ìbáwí, òun fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn àgbà ọkùnrin tó mọ orúkọ àwọn ọmọkùnrin, tó mọ ìwé tí wọ́n ń kà, tó sì lè bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe rí èsì tí wọ́n mú wá. Kí pásítọ̀ pe ọmọ tó fi òógùn ojú rẹ̀ kúrò ní ipò 22 bọ́ sí 15 síwájú ìjọ, bó ṣe ń pe ẹni kìíní. Kí a sì dá ọrẹ ìdúpẹ́ padà fún òbí tó ra ìdánwò fún ọmọ rẹ̀. Yóò dùn ún. Kó dùn ún.

Àwọn kan á ní ayé ti bàjẹ́, pé wọ́n á rẹ́ ọmọ olóòótọ́ jẹ. Irọ́ kọ́. Òótọ́ Dáníẹ́lì gbé e dé ihò kìnnìún. Ẹ má ṣèlérí èrè ojú ẹsẹ̀ fún ọmọkùnrin, kì í pẹ́ mọ̀ pé a tan òun. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òótọ́ bá ná an ní nǹkan, ẹ̀yin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn pa ìwé rẹ̀ dé lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé e padà fún tíṣà fúnra rẹ̀. Tíṣà fa ìlà gba orí 78, ó kọ 73, ọmọ náà sì bọ́ sí ipò kẹta. Bàbá rẹ̀ ti gbọ́, kò sì tí ì sọ nǹkan kan fún un. Kó pè é lónìí, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.