Ta ló sọ fún yín pé orin àti ijó nìkan ni fíìmù Íńdíà?

Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ fíìmù la ń sọ lórí WhatsApp àwa ọmọ kíláàsì kan náà, ni ọ̀gbẹ́ni kan bá já lu ọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Íńdíà yẹn dà wá láàmú. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jó yí igi ká, ẹnì kan á na ogún èèyàn, ó parí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Fíìmù Híńdì tí wọ́n ṣe ní Bombay, tí wọ́n wò nínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ni gbogbo wọn mọ̀. Ẹni tó wo fíìmù Hausa méjì láti Kano, tó wá ń fọ́nnu pé òun mọ fíìmù Nàìjíríà tinú tòde, ṣé a ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ Íńdíà ṣe, Raja Harishchandra tí ọ̀gbẹ́ni Phalke ṣe, 1913 ló jáde, kò sì lóhùn. Ọba tó pàdánù ìjọba, ìyàwó àti ọmọ nítorí pé kò fẹ́ yẹ àdéhùn ni ìtàn rẹ̀. Ọkùnrin ló ṣe olorì níbẹ̀, torí wọn ò rí obìnrin tó gbà láti dúró níwájú kámẹ́rà. 1931 ni Alam Ara, fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀, tó dé. Ọdún 18 gbáko nìyẹn tí òṣèré kankan ò fi lè kọrin sétí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù. Kódà ṣáájú Phalke, Hiralal Sen ti ń gbé kámẹ́rà kiri ní Calcutta, ìlú ńlá kan ní ìlà oòrùn Íńdíà, láti nǹkan bí 1898, ó ń ya eré orí ìtàgé. Iná jó iṣẹ́ rẹ̀ ní 1917, ẹnikẹ́ni ò lè wò ó mọ́.

Ó dáa, mo gbà: nígbà tí ohùn dé, wọ́n rọ orin sí i láìwẹ̀yìn. Indra Sabha ti 1932 nìkan ní orin tó tó 70. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Fíìmù Pather Panchali ni kí ẹ bá mi wò. Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni Satyajit Ray wà ní Calcutta nígbà tó pinnu láti sọ ìwé Bibhutibhushan Bandyopadhyay tó ń jẹ́ orúkọ yìí di fíìmù lédè Bẹ̀ǹgálì, èdè àwọn ará Calcutta. Kò ṣe fíìmù rí. Subrata Mitra, ọmọ ọdún 21 tó ń bá a di kámẹ́rà mú, kò di ti fíìmù mú rí. Ray fi ìwé adójútòfò rẹ̀ yá owó, wúrà ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ayánilówó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán nínú pápá kan tí òdòdó funfun bò. Nígbà tí wọ́n máa padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, màlúù ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán! Ó di ìgbà tí òdòdó tún yọ. Owó ìjọba West Bengal ni wọ́n fi parí rẹ̀, 1955 ló sì jáde.

Ìtàn ìdílé kan lábúlé ni. Harihar bàbá wọn jẹ́ àlùfáà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè wọlé. Durga, ọmọbìnrin rẹ̀, máa ń já èso lóko olóko wá fún ìyá arúgbó inú ilé wọn. Aládùúgbò kan ní Durga jí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ òun, ìyá Durga lù ú, ó wọ́ ọ síta. Òjò pa ọmọ náà, ibà mú un, ó kú. Harihar kò sí nílé. Nígbà tó dé láti ìrìn àjò, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kó ẹ̀bùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fa aṣọ sárì tó rà fún Durga yọ. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ náà dí ẹnu, ó bú sẹ́kún. A ò gbọ́ ohùn ẹkún rẹ̀ rárá. Ohun èlò orin kan ló ké dípò rẹ̀.

Èmi àti màmá mi la jọ wò ó. Màmá ò gbọ́ Bẹ̀ǹgálì, wọn ò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Kí bàbá yẹn tó fa sárì yọ ni wọ́n ti káwọ́ lérí: "Yéè, kò tíì mọ̀ o!" Nígbà tí Apu, àbúrò Durga, rí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gan-an nínú igbá àgbọn lórí pẹpẹ, tó jù ú sódò, tí ewé ojú omi là, tó tún padé, Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ta ló jó níbẹ̀?

Devi tí Ray ṣe ní 1960 tún wà. Bàbá olówó kan lálàá pé ìyàwó ọmọ òun ni òrìṣà Kali. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ jókòó, wọ́n ń bọ ọ́, aláìsàn ń wá. Ọmọ kan gbádùn, ariwo sọ. Nígbà tí àìsàn wá ṣe ọmọ inú ilé wọn gan-an, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ dípò dókítà, ọmọ náà sì kú. Ẹni tó bá ti rí aláìsàn tí wọ́n há mọ́ ilé wòlíì mọ ìtàn yìí dáadáa.

Wọ́n á ní ìwọ̀nyí kì í ṣe èyí tí aráàlú ń wò. Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Pather Panchali pèrò ní Calcutta. Devdas tí Shah Rukh Khan ṣe, tí gbogbo yín ń kọ orin rẹ̀, ìwé Bẹ̀ǹgálì ni, Sarat Chandra Chattopadhyay ló kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ fíìmù New Theatres ti fi ṣe fíìmù ní Calcutta láti 1935.

Iná jó ojúlówó fíìmù Ray mélòó kan ní London ní 1993, àmọ́ wọ́n tún fíìmù mẹ́ta tó ṣe nípa Apu, tí Pather Panchali jẹ́ àkọ́kọ́ wọn, ṣe, ó tún jáde ní 2015, ó mọ́ kedere. Tí ẹ ò bá fẹ́ sunkún, ẹ fi Mahanagar tí Ray ṣe ní 1963 bẹ̀rẹ̀: ìyàwó ilé kan lọ ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ láti ilé dé ilé, bàbá ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bínú, ó ń lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ níwèé rí. Ẹ ó rí bàbá kan tí ẹ mọ̀ níbẹ̀.