Ìwé tó nípọn, ìwé tó péye, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì ńlá ńlá yìí, torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Tíṣà kẹ́mísìrì ni mí, mo sì máa ń bá wọn kọ́ báọ́lọ́jì nígbà míì. Tí àwọn èèyàn wa bá ti rí ìwé tó wúwo bí ọlọ, tí wọ́n fi góòlù kọ àkọlé ẹ̀, ó parí, ohunkóhun tó bá ti wà níbẹ̀ ti di òfin. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ọmọ SS2 kan ló gbé ìwé bàbá bàbá ẹ̀ wá bá mi, ó ní "Sà, ẹ wò ó, ẹ ní krómósómù èèyàn jẹ́ 46, ìwé yìí ní 48." Krómósómù ni àwọn nǹkan tó rí bí òwú nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń gbé àbùdá òbí wá sára ọmọ. Mi ò bá a wí o, inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ṣí ojú ewé tí wọ́n máa ń kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí, mo fi hàn án pé wọ́n ti tẹ ìwé náà ṣáájú 1956, nígbà tí gbogbo ayé ṣì gbà pé 48 ni.

Painter, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló fìdí 48 múlẹ̀ lọ́dún 1923. Sẹ́ẹ̀lì inú kórópọ̀n ló gé pẹlẹbẹ tó ń wò, àwọn krómósómù ọ̀hún gun orí ara wọn bí òwú tó ta kókó, ta ló fẹ́ kà á yanjú? Ohun tó ká mi lára jù ni pé lọ́dún 1921, òun fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ pé nínú àwọn tó hàn kedere jù, 46 lòun rí! Síbẹ̀ 48 ló padà mú, gbogbo ayé sì ń gbé e kiri fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Kódà Hsu, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì míì, tó ṣèèṣì rí i lọ́dún 1952 pé omi tí iyọ̀ ẹ̀ ò tó máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì wú kí krómósómù ibẹ̀ sì tú ká dáadáa, 48 tó ti bá nínú ìwé náà ló ṣì kọ. Ìgbà tó di December 1955 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Tjio, lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ Levan ní ìlú Lund ní Sweden, wá ka ti inú ẹ̀dọ̀fóró ọlẹ̀, ó kà á títí, 46 ló ń bá.

Ìwé ọmọ yẹn kan náà ní xenon, gáàsì kan, kì í bá nǹkan kan dà pọ̀ di nǹkan tuntun. Lọ́dún 1962 ní Kánádà, Bartlett, onímọ̀ kẹ́mísìrì, fi gíláàsì pààlà láàárín xenon tí ò láwọ̀ àti gáàsì pupa kan tó ní platinum àti fluorine nínú, bó ṣe já gíláàsì yẹn báyìí, nǹkan líle aláwọ̀ yẹ́lò ló jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kì í dà pọ̀" ti tán nìyẹn.

Ìwé tuntun náà ní tiẹ̀ o. Ọ̀kan á ní mole gáàsì kan (mole ni ìwọ̀n tá a fi ń ka èròjà ní kẹ́mísìrì) ní STP, ìyẹn ìgbóná àti ìfúnpá tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, jẹ́ 22.4 lítà, òmíràn á ní 22.7, àwọn ọmọ á máa bára wọn jà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, torí láti 1982 ni IUPAC, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò òṣùwọ̀n kẹ́mísìrì, ti yí ìfúnpá tí wọ́n ń lò fún STP kúrò ní 1 atm sí 1 bar. Ìwé tó bá kọ nọ́ńbà tí ò kọ ìfúnpá àti ìgbóná ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èmi ò lè fowó mi rà á, kó nípọn bí ògiri.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn PubChem nìyẹn, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìsọfúnni nípa kẹ́míkà wà, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá wo ìwọ̀n ìgbóná tí nǹkan fi ń hó níbẹ̀, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti mú nọ́ńbà náà wá lábẹ́ ẹ̀, ẹ sì lè tọ̀ ọ́ lọ.

Ọmọ yẹn béèrè bóyá kóun ya ojú ewé náà dànù. Mo ní rárá o, ìwé bàbá bàbá ẹ ni. Mo fún un ní pẹ́ńsù, ó kọ "46, Lund, 1955" sẹ́gbẹ̀ẹ́ 48 náà wínníwínní, ó pa ìwé dé, ó gbé e há abíyá lọ sílé.